Jẹ Ẹ́ Wò: Lórí Àwọn Fọ́tò Tí Dókítà Yà ní Búkà

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwé ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, fọ́tò ni. Ọ̀rẹ́ mi kan, dókítà ẹranko tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, ti ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn tẹ̀ lé wa lọ sí búkà, ilé oúnjẹ àti ilé kọfí àdúgbò wa n'Ìbàdàn láti bí ọdún mẹ́ta. Ó wá ṣa fọ́tò 60 jọ nínú ohun tó yà, ó ní òun fẹ́ tẹ 20 nínú wọn sínú álúbọ́ọ̀mù kan, ó sì ní kí àwa tí a jọ ń jẹun bá òun yan èyí tó yẹ. Mo ti yan tèmi. Èrò wa kò dọ́gba, a sì ti jiyàn díẹ̀ lé e lórí. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rò sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà bá wa dá ẹjọ́ rẹ̀.

Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀: àwọn tó dára jù nínú fọ́tò 60 yìí ni èyí tí Dókítà yà nígbà tí oúnjẹ ti ń wọlé ẹnu, tàbí nígbà tí àwo ti ṣófo. Àwọn tí kò mú nǹkan wálé ni èyí tó yà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo mọ̀ pé òdì kejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe lóde òní. Oúnjẹ á délẹ̀, gbogbo tábìlì á dákẹ́, fóònù á jáde, ebi á sì dúró de fóònù. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ohun tí mo ń wí ni pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í sọ ìtàn ibi tí a ti jẹun, kì í sì í sọ ìtàn ẹni tí a bá jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Mẹ́rin ni wá tẹ́lẹ̀. Dókítà ni onífọ́tò wa. Ẹni tó bá bá a jẹun kò ní ṣi àbọ̀dí mú fún ṣàkì mọ́ láé, torí pé yóò ti ṣàlàyé ibi tó ti wá lára màlúù kí onítọ̀hún tó gbé e mì. Tíṣà ni obìnrin àárín wa. Jọ́gíráfì ló fi kọ́ ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí kọ̀rọ̀ kan n'Ìbàdàn tí kò mọ̀. Alàgbà ṣe iṣẹ́ rélùwéè. Èmi ni mo ṣe ìkẹrin wọn. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ wa. Lọ́dún tó kọjá, Alàgbà fi wá sílẹ̀ lọ, a sì ti di mẹ́ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí n óò padà sí i.

Èdè ni mo kọ́, nítorí náà ibi èdè ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ojú kọ́ ni ọ̀gá níbi oúnjẹ. Bí a bá gbé oúnjẹ síwájú èèyàn tí a fẹ́ kó mọ bó ṣe rí, a kì í ní kó wò ó, a máa ń ní kó jẹ ẹ́ wò. Ọbẹ̀ ńkọ́? A ó ní kó tọ́ ọ wò. Ẹmu? Kó mu ún wò. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi yóò rántí ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ àti gbogbo òógùn tó mú yín là nídìí rẹ̀. Nínú àsínpọ̀ yìí, ìtò àwọn ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì: *jẹ* ló ṣáájú, *wò* ló tẹ̀ lé e. Ẹnu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tirẹ̀ kí *wò* tó ní ohun tí yóò wò. Kámẹ́rà ló wá yí ètò náà po. Ó ń wò kó tó jẹ, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, kò jẹ rárá.

Òmíràn tún wà. Ohun tí imú bá mú, *gbọ́* ni a fi ń sọ ọ́: mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀. *Gbọ́* yìí kan náà la fi ń gbọ́ ohùn, òun náà la fi ń gbọ́ èdè. *Rí* ni ti ojú. Búkà sì jẹ́ ibi gbígbọ́ ju ibi rírí lọ. Kí ẹ tó rí i lẹ ti gbọ́ ọ: èéfín igi, epo tó ń ta lórí iná, omorogùn tó ń lu ìkòkò, olóúnjẹ tó ń pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnìkan tó ní kí wọ́n bù sí i, ẹlòmíràn tó ní ẹran òun kéré, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé owó rẹ̀ náà ò pọ̀. Kámẹ́rà kò ní etí, kò sì ní imú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun tó lè gbé kúrò nínú búkà. Onífọ́tò tó mọ èyí yóò wá bí ojú yóò ṣe ṣe aṣojú fún etí. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kàn ya àwo.

Àwo sì pọ̀ nínú fọ́tò Dókítà. Mo kà á: 21 nínú 60 ló jẹ́ àwo oúnjẹ tó yà láti òkè wá sílẹ̀ tààrà. Àwo funfun, àmàlà láàárín, gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, ọbẹ̀ ata lórí, ẹran mẹ́ta tí wọ́n tò bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Bí ẹ bá fọwọ́ bo ohun tó kọ sábẹ́ wọn, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti Bódìjà yàtọ̀ sí ti Mọ́kọ́lá, tàbí kó tilẹ̀ mọ̀ pé Ìbàdàn ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà lẹ́yìn etí àwo, kámẹ́rà kò sì débẹ̀.

Àwọ̀ wọn náà kò tọ̀nà, ẹ̀bi yìí kì í sì í ṣe ti Dókítà nìkan. Bí a ṣe ṣe kámẹ́rà ni pé, bí a bá fi í sílẹ̀ kó dá ìmọ́lẹ̀ wọ̀n, á gbà pé ohun tó wà níwájú òun kò dúdú jù, kò sì funfun jù. Bó bá dojú kọ ohun dúdú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Bó bá dojú kọ ohun funfun, á dín in kù. Ìdí nìyí tí àmàlà tó dúdú, tó sì ń dán lójú wa, fi máa ń di aláwọ̀ eérú nínú fọ́tò. Onífọ́tò á wá fẹ́ fi irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Bó bá ti fi mú àmàlà dúdú padà, gbẹ̀gìrì á pọ́n bí ọsàn tó ti rà, ewédú á sì máa dán bí aṣọ ìgbéyàwó.

Orúkọ tí a ń pe oúnjẹ náà ti kìlọ̀ fún wa. Àbùlà ni. Oyin tí wọ́n fi omi bù là, àbùlà ni. Òtítọ́ tí a kò fi nǹkan kan lú, òtítọ́ tí kò lábùlà ni. Níbi gbogbo, ẹ̀gàn ni ọ̀rọ̀ yìí, àfi lórí tábìlì búkà, níbi tó ti di oríkì. Ta ni ó wá ń bù ú là? Olóúnjẹ bù ú sínú àwo, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló ń parí iṣẹ́ náà: òkèlè á kó gbẹ̀gìrì díẹ̀, á kó ewédú díẹ̀, á fi ata kan ojú wọn. Nínú àwo tí a yà láti òkè kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, kálukú ṣì wà láyè tirẹ̀. Àbùlà kò tíì jẹ́ àbùlà. Fọ́tò tí a fi kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe ló wá gba ìtumọ̀ burúkú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀sùn mi tó kẹ́yìn sí àwọn àwo wọ̀nyí kan ìwà ọmọlúàbí. Nílẹ̀ wa, ẹni tí a bá bá lórí oúnjẹ kì í panu mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní, "Ẹ wá jẹun," tàbí, "Ẹ bá wa ire o." Ẹni tó dé á dáhùn pé, "Á gba ibi ire." Ó lè má jẹ ẹyọ òkèlè kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é. Àwo tí a yà tí a sì fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn lórí WhatsApp kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ara rẹ̀ hàn ni. Nígbà tí mo sọ èyí fún Dókítà, ó ní, "Prof., ṣé kí n máa kọ 'ẹ wá jẹun' sábẹ́ rẹ̀ ni?" Mo ní kò burú, ìyẹn á sàn ju bó ṣe wà lọ.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe ojúsàájú. Àwọn fọ́tò kan wà tó yẹ kí a yà kí ẹnu tó kàn án, ilé kọfí ni mo sì ti rí wọn. Dókítà mú 11 wá láti ilé kọfí. Wọ́n mọ́, wọ́n sì tutù lójú ju gbogbo ìyókù lọ, kò sì yani lẹ́nu. Ilé kọfí retí kámẹ́rà: fèrèsé gíláàsì fẹ̀, ògiri funfun, tábìlì kéré, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Búkà ò retí ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ebi ń pa. Òrùlé rẹ̀ kúrú, èéfín ti kun igi àjà rẹ̀, oru oúnjẹ á sì bo ojú kámẹ́rà bíi kùrukùru. Nínú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, ife kọfí kan wà tí ẹni tó pò ó fi fóòmù mílíìkì ya ewé sí lójú. Ewé yẹn kò ní pẹ́. Bí ẹnu bá ti kan ife lẹ́ẹ̀kan, ó ti bà jẹ́. Níbí, kámẹ́rà ní iṣẹ́ gidi: ó ń pa iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan mọ́ kí ẹnu tó pa á rẹ́. Mo fi í sí ara 20 mi.

Ẹ̀kejì tí mo mú nínú ti ilé kọfí ni èyí tí Dókítà fẹ́ dànù torí pé kò ríran dáadáa. Tíṣà ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé kọfí fún wa ti fi Gẹ̀ẹ́sì kí wa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbẹ̀, Tíṣà sì fi Yorùbá dá a lóhùn. Ojú ọmọ náà tú ká. Kí ó tó dé tábìlì wa lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di, "Màmá, ṣé kí n bá yín fi ṣúgà sí i?" Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, ó di ojú, orí rẹ̀ mì, ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi ṣú. Mo sọ fún Dókítà pé ohun tó ṣú nínú fọ́tò yẹn ni ẹ̀rín. Bó bá fẹ́ kí ó mọ́ kedere, kí ó ní kí Tíṣà má rẹ́rìn-ín.

Mo wá kan fọ́tò tí mo fẹ́ kí ó ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ kan wà tí a máa ń lọ bá, tí àmàlà rẹ̀ kì í ní kókó. Lọ́jọ́ tí Dókítà kọ́kọ́ na kámẹ́rà sí i, ó gbé ìgbákọ dí ojú, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má yà mí báyìí o!" Dókítà fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó ní ẹ̀rù ń bà á. Tíṣà ní, "Ẹ̀rù wo? Ẹ ò gbọ́ ohun tó wí ni? *Báyìí* ló wí." Ọ̀rọ̀ náà wà nínú *báyìí* lóòótọ́. Kò ní kí wọ́n má ya òun. Ó ní kí wọ́n má ya òun pẹ̀lú òógùn lójú àti aṣọ ìdáná lára. Dókítà béèrè ìgbà tí òun lè padà wá, ìyá dá ọjọ́ fún un. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti wọ ìró àti bùbá àdìrẹ, ó wé gèlè, ó gbé àga síwájú àwọn kúlà oúnjẹ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì wo kámẹ́rà lójú kòrókòró.

Kì í ṣe ọjọ́ òní ni ìjókòó yẹn ti wà. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú *African Arts* lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ìlá-Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí àgbà ṣe máa ń jókòó: ojú síwájú, ọwọ́ lórí ẹsẹ̀, aṣọ tó níyì, ojú tí kò fẹ̀rín ṣeré. Àwọn onífọ́tò ìlú náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àwọn tí wọ́n ń yà náà sì mọ̀ ọ́n. Ìyá olóúnjẹ tó ní kí a má ya òun báyìí mọ ìmọ̀ kan náà. Ó mọ̀ pé fọ́tò yóò pẹ́ ju òun lọ, kò sì fẹ́ kí ìgbà tí òógùn bò òun jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ̀yìn ọ̀la yóò mọ̀ nípa òun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Láwàl kọ̀wé ní 2001 lórí ọ̀rọ̀ náà *àwòrán*, ó sì tú u sí ohun tí a ń wò láti fi rántí. Onímọ̀ èdè bíi tèmi lè jiyàn lórí bí *rántí* ṣe já ìrù rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò lè jiyàn lórí ìlò rẹ̀, torí pé ohun tí àwọn èèyàn ń fi fọ́tò ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ tún fi ti *awòran* sí i. Ẹni tó ń wo ìran ni awòran, ohun tí a ń wò ni àwòrán. Ohùn ló yà wọ́n. Onífọ́tò tó wọ búkà tí kò kí ẹnikẹ́ni, tó yà á tán tó sì jáde, awòran ni. Ìyá yẹn sọ Dókítà di ẹni tí a rán níṣẹ́.

Tíṣà kò fara mọ́ ọn. Ó ní álúbọ́ọ̀mù oúnjẹ ni à ń ṣe, kò sì sí oúnjẹ kankan nínú fọ́tò yẹn, kúlà ló wà níbẹ̀. Ó ní fọ́tò ọmọ iṣẹ́ tó ń ro àmàlà ló yẹ kó ṣíwájú. Fọ́tò náà dára, èmi náà gbà. Ẹ̀yìn ọmọ náà ni Dókítà ti yà á: èjìká tó gbé sókè, ọwọ́ méjì lórí omorogùn, oru tó bo ìkòkò. A ò rí ojú rẹ̀. Ó mú mi rántí 'Okhai Ojeikere, ẹni tí wọ́n bí ní 1930 tó sì kú ní 2014, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò níbí n'Ìbàdàn ní 1954, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì yà láti ẹ̀yìn orí. Kò sẹ́ni tó lè ní kò bọ̀wọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí ló fẹ́ kí a rí, ẹ̀yìn ni iṣẹ́ náà sì wà. Nítorí náà, ẹ̀yìn kì í ṣe àléébù bí ìdí bá wà fún un. Èmi àti Tíṣà parí rẹ̀ sí pé ìyá á ṣíwájú, ọmọ iṣẹ́ á tẹ̀ lé e. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wà nínú búkà.

Mo ní n óò padà sórí ọ̀rọ̀ Alàgbà. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá wa pé ká fún àwọn ní fọ́tò bàbá àwọn tí wọn yóò fi sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n mọ̀ pé a jọ ń jáde, wọ́n sì mọ̀ pé kámẹ́rà máa ń wà níbẹ̀. Dókítà jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní odindi alẹ́ ọjọ́ kan. Àwo ló ń rí. Ẹ̀gbẹ́ Dókítà gan-an ni Alàgbà máa ń jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ onífọ́tò sì ni ibi tí kámẹ́rà kì í sábàá kọjú sí. Níkẹyìn, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tó yà fún ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni àwọn ọmọ náà lò.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni Alàgbà ti hàn nínú 60 yìí, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì hàn. Àwo àbùlà ni, wọ́n yà á láti òkè bíi ti ìyókù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti wọ inú rẹ̀ láti apá òsì. Òkèlè wà láàárín ìka mẹ́ta, ewédú ń fà láti ibẹ̀ lọ sínú àwo. Ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bó ṣe rí láti ìgbà tí irin ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Dókítà ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé òun á gé ọwọ́ náà kúrò, kí àwo lè dá dúró.

Èmi ní kó má gé e. Ẹ má rò pé torí pé ẹni wa ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ká tilẹ̀ fi ti ọ̀rẹ́ sílẹ̀, nínú gbogbo àwo 21 yẹn, òun nìkan ṣoṣo ni àbùlà inú rẹ̀ ti di àbùlà. Òun nìkan ló ń sọ bí oúnjẹ náà ṣe ń fà, bó ṣe gbóná tó, àti ẹni tó ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá gé ọwọ́ yẹn, ẹ óò tún ní àwo kan sí i, àwo kò sì wọ́n wa. Sprague kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ tí mo dárúkọ pé, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò lè ya èyí tó wà láyé kó sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjì lè jókòó pọ̀. Àwọn èèyàn wa ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn torí kí àyè ẹnìkan má bàa ṣófo. Àwa wá fẹ́ gé èyí tí kò ṣófo kúrò.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ló dé tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí fọ́tò ibi ìjẹun. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ìlú yìí mọ̀ nípa ilé oúnjẹ àti iṣẹ́ ojú. Ní 1961 tí Ulli Beier, Wọlé Ṣóyinká àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá Mbari sílẹ̀, ilé tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀, nítòsí Dùgbẹ̀, ni wọ́n lò. Èdè Ìgbò ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé tó ti jẹ́ ilé ọtí rẹ̀, àwọn ará ìlú sì fi etí Yorùbá gbọ́ orúkọ Ìgbò náà: *m̀bá rí, m̀bá yọ̀*. Bí mo bá rí i, inú mi ì bá dùn. Mbari Mbayọ̀ ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ilé tí a ti ń jẹ, tí a ti ń mu, tí a sì ti ń wo ohun tó dára, kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí wọ́n ṣe ń pàdé ẹni níbẹ̀ ló sì mú kí rírí náà di ayọ̀.

Orúkọ tí mo mẹ́nu bà yìí ló gbé mi dé ìmọ̀ràn mi tó kẹ́yìn, torí pé lẹ́yìn fọ́tò Dókítà, kò sí orúkọ kankan. Orúkọ búkà máa ń pa ohun tí fọ́tò kò lè pa mọ́. *Búkà* fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Hausa ló ti wá, níbi tí *bukka* ti jẹ́ ahéré koríko. Ahéré náà ti lọ, orúkọ kù. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń pè ní Àmàlà Skye ní Bódìjà. Báǹkì tó wà ládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀. Ní 2018, ìjọba gba ìwé àṣẹ báǹkì náà, ó sì di Polaris. Àmàlà ṣì ń jẹ́ Skye. Báǹkì kú, àmàlà ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀! Ọdún mélòó sí i kí ọmọ kan tó béèrè pé kí ni Skye? Ẹni tó bá kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò lónìí ló dáhùn ìbéèrè náà sílẹ̀ dè é.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí. Kí Dókítà yọ 20 nínú àwo 21 kúrò. Kí ó fi ìyá olóúnjẹ ṣíwájú, kí ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ lé e, kí ewé inú kọfí àti ẹ̀rín Tíṣà wà láàárín, kí ọwọ́ Alàgbà wà lójú ewé tirẹ̀ láìgé. Fọ́tò tábìlì tó ní àwo mẹ́rin tó ti ṣófo, pẹ̀lú egungun bọ̀kọ̀tọ̀ kan tí ẹnìkan ti fá mọ́nú mọ́nú, ni kó kádìí rẹ̀. Wọn kò pọ̀, wọ́n tó.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé fóònù jáde, n kò ní kí ẹ má yà á. Ẹ kí olóúnjẹ. Ẹ jẹ oúnjẹ yín ní gbígbóná, ẹ jẹ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fẹ́ ya ẹnìkan, ẹ béèrè, bó bá sì ní òun fẹ́ lọ wọṣọ, ẹ dúró dè é. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì yín wọ inú fọ́tò. Bí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ kọ ọjọ́, ibi tó ti wáyé, àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà lórí tábìlì sẹ́yìn rẹ̀, títí kan ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan hàn.